Òwú Pupa Létí Aṣọ

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti na ọwọ́ sábẹ́ ara rẹ̀. Ó tutù. Ó tún ti ṣẹlẹ̀. Kò sunkún, ẹkún ti sú u. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun ló mọ eré sá jù nínú gbogbo ọmọbìnrin ilé-ìwé wọn, síbẹ̀ kò sí àárọ̀ mẹ́ta tó lè tẹ̀ léra wọn kí fóòmù rẹ̀ gbẹ.

Ó dìde jẹ́jẹ́ kó má baà jí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà. Ó ká bẹ́díṣíìtì kúrò lórí fóòmù, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú pupa jáde lábẹ́ àpótí, ó rán ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta sí igun aṣọ náà kíákíá. Lẹ́yìn náà ló yọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ki aṣọ ọ̀hún bọ àárín òkìtì aṣọ òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ létí aṣọ kí ẹrù má baà dàpọ̀: dókítà eléyín ni ó ni àwọ̀ ewé, ọ̀gá ilé oúnjẹ ló ni dúdú, òtẹ́ẹ̀lì ló ni pupa. Òtẹ́ẹ̀lì yìí ló ń bọ́ ilé náà. Aṣọ olówùú pupa ni wọ́n ń sè nínú omi gbígbóná, tí wọ́n ń fi ọṣẹ gidi fọ̀, tí wọ́n ń lọ̀ títí á fi máa dán. Aṣọ ilé tiwọn kò ní òwú kankan. Ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́, àṣẹ ìyá ni pé kó máa fi omi tútù ṣàn án fúnra rẹ̀, kó sì sá a sínú ilé ìdáná níbi tí ojú ará àdúgbò kò dé. Aṣọ tí a sá sínú ilé ìdáná kì í gbẹ, ẹ̀yin náà mọ̀. Òórùn rẹ̀ ń bá ọmọ lọ sí kíláàsì. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n òwú pupa láti oṣù méjì sẹ́yìn. Funfun ni bẹ́díṣíìtì rẹ̀ méjèèjì, àlòkù òtẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ni wọ́n. Tí wọ́n bá ti sè é, tí wọ́n ti lọ̀ ọ́, á yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù kí ìyá rẹ̀ tó dì í, á já òwú náà dànù.

Àfi Ọjọ́rú tó kọjá. Ó wà lórí pápá níbi tó ti ń sáré, ìyá rẹ̀ sì ti di ẹrù kó tó dé. Aṣọ kan bá ẹrù òtẹ́ẹ̀lì lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́.

Òní tún wá jẹ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Ajé ni àwọn eléré-ìje ilé-ìwé wọn máa lọ sí ìlú mìíràn, alẹ́ mẹ́ta ni wọ́n máa sùn níbẹ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda ti wà nínú àpò Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tísà ní kí bàbá tàbí ìyá fọwọ́ sí i, kó sì tẹ òun lọ́wọ́ lónìí kí aago mẹ́rin tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn á gba ipò rẹ̀. Ọmọ yìí kò tíì sùn níta rí láyé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sùn sílé ara wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí oorun á fi gbé wọn, wọ́n á jí, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á máa lọ. Òun náà fẹ́ ìyẹn. Kò béèrè ju pé kó dà bí ọmọ èèyàn lọ.

"Bàbá," ló wí nígbà tí wọ́n jókòó ti búrẹ́dì àti tíì, "ìwé yẹn, òní ni wọ́n máa gbà á mọ."

Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, sìmẹ́ǹtì kì í kúrò ní ẹ̀bá èékánná rẹ̀. Kò gbé ojú sókè. "Ìwé wo?"

"Ìwé eré-ìje, sà."

"O ò níí lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, gbogbo àwọn tó kù ni bàbá wọn ti—"

"Mo ní o ò níí lọ! Ṣé kó o lọ máa tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì olónílé ni? Kí wọ́n wá máa bi ara wọn pé ọmọ ta nìyẹn? Ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí, kí ẹ̀sín mi ti ṣáájú mi débẹ̀?" Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ife tó wà níwájú ọmọ. "Tíì! Ta ló fún eléyìí ní tíì? Ẹni tó ń jò bí ajere, ẹ tún ń rọ omi sí i!" Ó gba ife náà, ó sì dà á sójú fèrèsé.

"Ẹ rọra o," ni Alágbàfọ̀ wí, "ṣúgà wà nínú ẹ̀."

"Ìwọ náà dákẹ́! Ìwọ lo bà á jẹ́. Nínú ìdílé tèmi, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò sẹ́ni tó ń tọ̀ sílé. Òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran. Lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ."

"Mo ti wádìí. Mo wádìí títí ẹnu fi ro mí. Kò sí i lọ́dọ̀ tiwa."

"Ṣé wọ́n máa jẹ́wọ́ fún ọ ni?"

Ìyá Àgbà jókòó sí ìkángun tábìlì, ó ń ti búrẹ́dì bọ tíì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró láàárín ife àti ẹnu, ó dúró pẹ́ débi pé búrẹ́dì náà já, ó sì bọ́ sínú tíì. Ó mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Nígbà tí Bíríkìlà jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ti ife tirẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mu ún pẹ̀lú ìbínú. Kò sọ pé ẹ ṣé.

Nígbà tí oòrùn ti mú, ìyá àti ọmọ wà nídìí ìkòkò omi gbígbóná ní ẹ̀yìnkùlé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ olómi.

"Ìyá mi, ẹ̀yin náà lè fọwọ́ sí i. Alẹ́ mẹ́ta péré ni. Mi ò ní sùn rárá."

"O ò ní kí ni?"

"Mo máa jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ wò níbí, mo ṣe é lálẹ́ méjì."

Alágbàfọ̀ dá ọwọ́ dúró. Ó wo ọmọ náà, ó sì mọ̀ pé kò parọ́, nítorí ó rántí ọ̀sẹ̀ tí ojú ọmọ pọ́n tí òun sì nà án pé ó ń tòògbé nídìí áyọ́ọ̀nù. "Ẹni tí ò sùn fún alẹ́ mẹ́ta ló fẹ́ lọ sáré," ló wí, ohùn rẹ̀ sì fẹ́ rọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún le. "Dìde níbẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti fi bo ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní fọwọ́ ara mi ṣí i."

Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí fèrè ọkọ̀ fi dún níwájú ilé.

Máníjà òtẹ́ẹ̀lì ló dé, kò sì dé dáadáa. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹrù aṣọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gẹ́lẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù Onídìrí, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ yá ju ìyarun rẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà méjì jókòó síbẹ̀, wọ́n ti di irun ọ̀kan dé ìdajì. Ọmọ Onídìrí, tí òun náà wà lára àwọn eléré-ìje, ló ń to irun fún wọn. Máníjà fa bẹ́díṣíìtì kan yọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbangba. Àbàwọ́n ńlá kan wà láàárín rẹ̀, ó yí po, etí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Sísè lẹ́ẹ̀kan ń mú àbàwọ́n mìíràn kúrò, ṣùgbọ́n èyí ti gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Màmá, ẹ wo ohun tí àlejò mi bá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó pariwo lé mi lórí bí ẹni tó mú olè."

"Háà! Ọ̀gá, ẹ lọ bi àlejò yín léèrè," ni Alágbàfọ̀ dáhùn. Ó gbá igun aṣọ náà mú, ó sì gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i. "Òwú pupa rèé. Tiyín ni. Mi ò gbé aṣọ ẹlòmíràn fún yín rí, kí n má ríre tí mo bá—"

Ìka rẹ̀ ti kan òwú náà. Méjì ni òun máa ń rán, á dábùú ara wọn. Mẹ́ta tó dúró gbọọrọ ló wà níbí. Ojú rẹ̀ rọra yí lọ sọ́dọ̀ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó dúró tòun ti abọ́ aṣọ lọ́wọ́.

"Ibí yìí ńkọ́?" Máníjà nàka sí ojú ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó aṣọ náà rí. "Èmi fúnra mi ni mo fún yín láṣọ yìí lọ́dún tó kọjá, mo ní kí ẹ máa fi ṣe aṣọ ìnulẹ̀. Ta ló ń sùn lórí ẹ̀ nílé yín? Ṣé aláìsàn ni? Ṣé aṣọ aláìsàn lẹ̀ ń sè pọ̀ mọ́ tiwa?"

"Kò sí aláìsàn nílé mi!"

"Ta ni nígbà náà? Ẹ sọ ọ́, àbí kí n kó gbogbo aṣọ mi báyìí báyìí."

Gbogbo ìyarun ti dúró. Alágbàfọ̀ wo ẹ̀yìnkùlé, ó wo ìkòkò, ó wo okùn tí aṣọ òtẹ́ẹ̀lì kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ ohun tó ń ronú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu ni, tó bá ti já, kò ṣeé so.

"Kì í ṣe àrùn, Ọ̀gá, kì í ràn! Ọmọ mi yìí ni. Ó kàn ń tọ̀ sílé ni."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, aṣọ mímọ́ dà sílẹ̀.

"Èyí tó ga yìí?" ni Máníjà wí. "Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́rìndínlógún."

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ọmọ Onídìrí ni, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ kò bo tiẹ̀. "Ẹ̀ẹ́n! Abájọ! Mo ní irú ọmọ wo lèyí tí kì í sùn nílé ẹlòmíràn. Ẹ máa wò ó, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Ọlọ́run á dáàbò bò wá," ni oníbàárà tí wọ́n di irun rẹ̀ dé ìdajì wí, ó sì yí àga rẹ̀ kó lè ríran dáadáa.

Ṣé ẹ rò pé Máníjà ṣàánú? Ó ní kí Màmá má bínú, òun ò lè fi iṣẹ́ òun ta tẹ́tẹ́. Ó kó aṣọ gbígbẹ, ó kó tútù, ó já ti orí okùn, omi ń kán tẹ̀ lé e títí dé ìdí ọkọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ ni èyí tó tẹ́ sílẹ̀ ní gbangba; ti àárọ̀ yìí bá ẹrù rẹ̀ lọ. Nígbà tó lọ tán, ìkòkò ṣì ń hó ní ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí aṣọ kankan tí wọ́n máa kó sí i.

Alágbàfọ̀ gbá ọmọ náà létí. "O pa mí! O ti pa mí!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Ẹ tà mí, wọn ò sì rà."

Ìyá rẹ̀ tún gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà kò bọ̀ mọ́. Ó jókòó sórí àpótí ìfọṣọ, ó fi ọwọ́ lérán.

Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí Bíríkìlà dé. Kò tíì dé ilé tó ti gbọ́. Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní orígun àdúgbò ni wọ́n ti bá a kẹ́dùn, ẹ mọ irú ìbánikẹ́dùn tí ẹ̀rín ń bẹ nídìí ẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó wọ yàrá lọ tààrà, ó wọ́ fóòmù jáde, fóòmù tí òórùn rẹ̀ mú Onídìrí di imú láti ọ̀nà jíjìn, ó sì gbé e ka ọmọ rẹ̀ lórí.

"Rìn! Dé ìpẹ̀kun àdúgbò, kó o sì padà! Ó ti di ti gbogbo ayé, kí gbogbo ayé wá wò ó!"

"Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ ṣe sùúrù," ni àwọn ará àdúgbò ń wí, wọ́n sì ń gbé àga wọn jáde. "Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra." Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó dìde.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi orí, fóòmù bọ́ sílẹ̀. Bíríkìlà bú ramúramù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó gbé e dé orí ara rẹ̀ kó lè rọ́nà sọ ọ́ lé ọmọ lórí.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ìyá Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó di òpó ilé mú.

"Màmá, ẹ má dá sí i!"

"Mo ní kó wà lórí ẹ níbẹ̀. Ìwọ lo ni ín." Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà tí ẹní ẹ gbẹ?"

"Màmá!"

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. O ti ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Àràárọ̀ ni mò ń fi iná ààrò yá ẹní ẹ gbẹ kí ọ̀gá ẹ tó wá kàn ọ́ lẹ́kùn. Bàbá tó bí ọ kú láìmọ̀. Ṣé mo gbé e lé ọ lórí rí? Ṣé mo pe ẹnì kankan wá wò ọ́?"

Fóòmù wà lórí Bíríkìlà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì í mú, omi inú fóòmù náà sì ń ṣàn bọ̀ ní ọrùn rẹ̀.

Alágbàfọ̀ dìde lórí àpótí. "Ọdún mẹ́wàá," ló wí. Kò pariwo. "Ọdún mẹ́wàá ni mo ń lọ dà láàmú ìyá mi pé ta ló ń tọ̀ sílé nínú wọn. Màmá, ẹ wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń sọ ọ́, ẹ wà nídìí tábìlì."

Ṣùgbọ́n ti ọmọ ló burú jù. Ó lọ dúró síwájú arúgbó náà, kò kúnlẹ̀.

"Ìyá Àgbà, yàrá kan náà la jọ ń sùn. Ẹ máa ń jí tí mo bá ń ká aṣọ?"

Ìyá Àgbà tún òpó ilé dì mú.

"Ẹ̀ ń jí. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń lọ lára èèyàn. Ẹ mọ̀ pé mi ò ya wèrè, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ ò sì sọ ọ́ fún mi."

Arúgbó wo ilẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà yìí, ó jókòó ti tíì rẹ̀ láràárọ̀, orí ọmọ sì wọ́ níṣojú rẹ̀ nítorí kí ojú má baà ti ọmọ tirẹ̀. Ó fẹ́ na ọwọ́ kan ọmọ náà léjìká. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹ̀ ẹ́.

Ó mú ìwé jáde lápò. Ó ti rún, omi ọṣẹ ti kan igun rẹ̀ kan. Kò mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí àpótí ìfọṣọ níwájú ìyá rẹ̀, ó fi báírò lé e. Kò sọ pé ẹ jọ̀ọ́.

Alágbàfọ̀ nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ sí i?" ni Bíríkìlà kígbe lábẹ́ fóòmù. "Èmi ni bàbá ilé yìí!"

"Kì í ṣe òwú tí mo gbọ̀n ló ń ran," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì fọwọ́ sí i.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ká ìwé náà, ó sì bọ́ sọ́nà. Bó ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ Onídìrí na ẹsẹ̀, ó dènà.

"Mi ò níí sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ o. Mo máa sọ fún tísà."

"Sọ fún un. Má sùn níbẹ̀," ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn. "Èmi, eré ni mo fẹ́ lọ sá."

Ó bẹ́ kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i nígbà tó gba iwájú onígbàjámọ̀ kọjá. Nígbà tí onígbàjámọ̀ fi máa gbé ojú sókè, kò rí i mọ́.

Àwọn aládùúgbò ṣì jókòó. Wọn ò mọ èwo ni wọ́n máa wò. Alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú bẹ́díṣíìtì tí Máníjà fi sílẹ̀ nílẹ̀, ó gbé igun rẹ̀ sẹ́nu, ó fi eyín já òwú pupa náà, ó sì tu ú dànù. Ó gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ki í bọ omi òtẹ́ẹ̀lì tó ń hó, ó da ọṣẹ gidi sí i. Ó fi igi ń rò ó.

Bíríkìlà ṣì dúró níwájú ilé, fóòmù lórí rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti wọlé. Ó wo àdúgbò, àdúgbò ń wò ó.

"Níbo ni kí n gbé e sí?" ló béèrè.